Ṣòkòtò Tí Kò Gbọ́dọ̀ Dọ̀bálẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ló bẹ̀ mí pé kí n sọ ọ́ fún yín, kò sì ní kí n fi orúkọ òun bò. Ó ní ìtìjú tó ti bá òun ti pọ̀ débi pé èyí tó kù kò lè pa òun mọ́. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú yín bá tipa rẹ̀ bọ́ nínú irú rẹ̀, ó ti tó òun.

Akíndàmọ́lá ló ń jẹ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé ní Libreville, olú ìlú Gabon. Fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe ní àdúgbò Oloumi. Bí fíríìjì bá kú, tí gbogbo èèyàn ti sunkún rẹ̀ tán, ẹ gbé e lọ bá Akíndàmọ́lá, yóò jí.

Ohun tí kò mọ̀ rárá ni aṣọ.

Aṣọ mẹ́ta ló ní. Aṣọ iṣẹ́ búlúù kan wà tí girísì ti sọ di dúdú. Bùbá àti ṣòkòtò funfun kan wà tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀kẹta ni jẹ́sì bọ́ọ̀lù kan tó tóbi débi pé èèyàn méjì lè sá òjò sábẹ́ rẹ̀. Jẹ́sì yìí ló fi ń jáde fàájì.

Ọmọbìnrin tó wá wọ̀ ọ́ lọ́kàn ni Adéfọlákẹ́. Libreville ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ará Kétu ní ilẹ̀ Benin ni bàbá rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé ìwé kan ní Charbonnages, níbi tí Akíndàmọ́lá ti lọ tún fíríìjì ṣe tí wọ́n fi mọra. Yorùbá rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó bọ́ sínú Faransé. Bó bá sì ti fi "mais", ìyẹn "ṣùgbọ́n" ti Faransé, bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ wá ibi tí ẹ máa sá sí.

Ní Sátidé kan, Adéfọlákẹ́ ní kí Akíndàmọ́lá wá bá òun àti ọ̀rẹ́ òun, Marie-Thérèse, jẹun ọ̀sán ní ilé oúnjẹ kan ní àdúgbò Louis.

Akíndàmọ́lá wọ jẹ́sì. Ó fi omi pa irun rẹ̀. Bó ṣe ń dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀gbẹ́ni tó ń gbé oúnjẹ sáré wá pàdé rẹ̀.

"Háà, ẹ ti dé! Láti àárọ̀ la ti ń retí yín. Ẹ̀yìn níbí ni fírísà náà wà, ẹ máa bọ̀."

Ẹ gbọ́ o. Ẹlòmíràn ì bá ní, "Àlejò ni mí o, oúnjẹ ni mo wá jẹ." Akíndàmọ́lá tẹ̀ lé e. Ó ní bí wọ́n bá ti fi ẹ̀bẹ̀ pe òun sídìí fírísà, ẹsẹ̀ òun kì í bi òun léèrè kó tó lọ.

Nígbà tó ti tó bí ìdajì wákàtí, ó gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná yọ sí àwọn obìnrin méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ dúdú, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ló wí, "kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni."

Marie-Thérèse rẹ́rìn-ín títí tí omi fi gba imú rẹ̀ jáde. Adéfọlákẹ́ ò rẹ́rìn-ín.

"Mais Akin, o ò lè sọ fún wọn pé àlejò ni ọ́ ni?"

"Wọ́n ti ń retí mi láti àárọ̀ ni."

"Èmi náà ń retí rẹ!"

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Adéfọlákẹ́ wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Iṣẹ́ rẹ ò burú, Akin. Iṣẹ́ rẹ wù mí. Ṣùgbọ́n ṣé kò sí ohun kan tó wu ìwọ láti wọ̀ ni? Ohun kan péré, tí èèyàn á rí tó máa mọ̀ pé ìwọ nìyí?"

Akíndàmọ́lá wo jẹ́sì ọrùn rẹ̀. Orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò mọ agbábọ́ọ̀lù náà rí.

Ismaël, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ló kọ́kọ́ dárúkọ Carole fún un.

"Lọ rí i. Òun ló yan kóòtù tí ẹ̀gbọ́n mi fi gbéyàwó. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Á wò ọ́, á wọ̀n ọ́, á lọ sọ́jà, á bá ọ ra ohun tó bá yẹ ọ́."

"Ṣé wọ́n ń fi ìyẹn náà ṣe iṣẹ́ ni?"

"Ìwọ tó ń jẹun lórí pé àwọn èèyàn ò mọ ìdí fíríìjì, ìwọ lo ń bèèrè?"

Carole jẹ́ ọmọ Gabon, ará Lambaréné, obìnrin gíga tó so awò ojú mọ́ ọrùn bí ẹ̀gbà ọrùn. Ó yí Akíndàmọ́lá ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ẹni tó fẹ́ gba ilé tó ń wá ibi tí òrùlé ti ń jò.

"Monsieur, àwọ̀ wo ló wù yín?"

"Èyí tí girísì ò ní hàn lára rẹ̀."

"Ìyẹn kì í ṣe àwọ̀, Monsieur. Ẹ̀rù ló ń bà yín." Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. "Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń ṣe tèmi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la ó jọ lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, màá yàn, ẹ̀yin á máa wò mí. Lọ́jọ́ kejì, a ó jọ yàn. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀yin lẹ máa yàn, èmi á máa wò yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò ní nílò mi mọ́."

Ibí yìí ni Akíndàmọ́lá ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ó ní kí n fa ìlà sí i fún yín.

"Rárá o," ló wí. "N ò fẹ́ kọ́ nǹkan kan. Ẹ ṣáà bá mi yàn án. Kí ẹ sọ bí mo ṣe máa wọ̀ ọ́ fún mi, ó parí."

Carole ní, "Bó bá ṣe wù yín."

Láti ọjọ́ náà, bí Carole bá ti fi aṣọ ránṣẹ́, á fi ohùn ránṣẹ́ tẹ̀ lé e lórí fóònù. "Monsieur Akin, ẹ má ti bọ́tìnnì òkè. Monsieur Akin, ẹ ká ọwọ́ ṣáàtì náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má ká a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ò lọ gbẹ́ kànga."

Ṣáàtì àkọ́kọ́ ní àwọ̀ ẹyìn tó pọ́n, ṣòkòtò rẹ̀ dà bí eérú, bàtà rẹ̀ dà bí obì. Nígbà tí Akíndàmọ́lá jáde nílé, Ismaël dìde dúró kí i ní "Bonjour, patron", ìyẹn ọ̀gá, kó tó rí i pé Akíndàmọ́lá ni. Ó bínú pé òun dìde.

Ó lọ dúró de Adéfọlákẹ́ lẹ́nu géètì ilé ìwé. Adéfọlákẹ́ jáde, ó kọjá lára rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó wá yí padà.

"Akin?"

"Èmi ni."

Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ ń tàn bí iná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú dé. "Ta ló yan èyí fún ẹ?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, òtítọ́ ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Gbólóhùn kékeré ni: "Mo wá ẹni tó bá mi yàn án." Kò sí ẹni tí yóò pa á nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo Akíndàmọ́lá báyẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Kódà ìyá rẹ̀, nígbà tó jáde ìwé mẹ́wàá, kò wò ó báyẹn.

"Ta ni ì bá yàn án?" ló wí. "Èmi ni."

"Ìwọ? Fúnra rẹ?"

"Mo kàn rí i ni. Mo ní, àwọ̀ yìí á bá ara mi sọ̀rọ̀."

Ẹnu Carole ló ti gbọ́ èyí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an.

Adéfọlákẹ́ di apá rẹ̀ mú láti ẹnu géètì títí dé ibi tí wọ́n ti ń wọ takisí. Akíndàmọ́lá ní ṣe ló dà bí ẹni pé òun ga sí i ní ìka méjì. Irọ́ náà wọ̀ ọ́ ju ṣáàtì lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá purọ́ pé òun mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, wọn ò ní pẹ́ pè é wá yọ ẹni tó ń rì.

Lọ́sẹ̀ kejì, Adéfọlákẹ́ fi àwòrán báàgì méjì ránṣẹ́ sí i: "Chéri, èwo?" Akíndàmọ́lá wo báàgì méjèèjì. Báàgì ni wọ́n. Ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí Carole, Carole fèsì, Akíndàmọ́lá da èsì náà kọ láìyí ohunkóhun padà: "Èyí tó wà lápá òsì. Èkejì ń pariwo, kò sì ní nǹkan tó fẹ́ sọ."

Adéfọlákẹ́ ka èyí sétí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ránṣẹ́. Èyí ń bèèrè bàtà, èyí ń bèèrè yẹtí. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé bèèrè bóyá kí òun dá irùngbọ̀n sí. Marie-Thérèse, tó ti rẹ́rìn-ín títí tí omi fi gba imú rẹ̀ jáde, ló wá ń pè é ní Maître, ìyẹn ọ̀gá nínú iṣẹ́.

"Maître, mo fẹ́ lọ síbi ìrìbọmi. Ṣé kí n wọ àwọ̀ ewé ni?"

"Jẹ́ kí n ronú sí i," Akíndàmọ́lá á ní, á sì sáré lọ sẹ́yìn fíríìjì kan lọ pe Carole.

Nígbà kan, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ mẹ́rin dúró dè é nílẹ̀ nítorí pé ó ń dá àwọn obìnrin méje lóhùn lórí ìgbátí ìró. Ismaël mi orí. "Ọ̀rẹ́, fíríìjì lo mọ̀. Padà sídìí fíríìjì."

"Màá sọ òtítọ́ fún Adéfọlákẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀."

Ọjọ́ Jímọ̀ mélòó ló kọjá, n ò lè kà wọ́n fún yín.

Ọjọ́ tí ìjọ̀ngbọ̀n dé, ọ̀sán gangan ni, nínú ọjà Mont-Bouët. Carole ti pe Akíndàmọ́lá wá kó lè wọ̀n ọ́n fún ṣòkòtò tuntun. Ó mú un wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ aláṣọ kan, ó ta okùn ìwọ̀n yí i ní ìbàdí ká, ó ní, "Ẹ fa ikùn yín wọlé, Monsieur." Akíndàmọ́lá fa ikùn wọlé, ó di ojú, ó sì mí kanlẹ̀.

Báyìí ni Àǹtí Kàdíjátù, àbúrò bàbá Adéfọlákẹ́, tó wá ra òwú ìránṣọ, ṣe bá wọn.

Ó fi òwú sílẹ̀, ó lọ tààrà sí Charbonnages.

"Fọlákẹ́, ọkùnrin rẹ yẹn! Obìnrin gíga kan dì mọ́ ọn ní ìbàdí nínú ọjà, òun náà di ojú, ó ń mí kíkankíkan. Ojú mi ló ṣe!"

Lọ́jọ́ kejì, Adéfọlákẹ́ dé ìsọ̀ Akíndàmọ́lá. Kò jókòó.

"Mais, ta ni obìnrin inú ọjà yẹn?"

Ọ̀nà àbáyọ wà o. Ó ṣì wà. Ká ní ó sọ pé, "Ó ń bá mi yan aṣọ ni," ìfẹ́ ì bá tutù díẹ̀, ara ì bá rọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n Akíndàmọ́lá ronú kan báàgì, yẹtí, irùngbọ̀n ọ̀gá àgbà. Ó ronú kan Maître.

"Carole? Àbúrò mi ni."

"Ìwọ tó sọ pé ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá rẹ bí?"

"Ìyàwó kékeré bàbá mi ló bí i."

"Ní Ìsẹ́yìn?"

"Ní... ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn."

Inú Adéfọlákẹ́ dùn ní tòótọ́, èyí ló sì burú jù. "Ah bon! O ní ẹbí níbí, o ò sọ fún mi? Papa ti ní kí n mú ọ wá sílé lọ́jọ́ Àìkú, kó lè mọ̀ ọ́. Mú àbúrò rẹ dání. Papa tún ní kó o bá òun yan àwọ̀ kọ́tìnnì pálọ̀. Mo ti sọ fún un pé kò sẹ́ni tó lójú bíi tìrẹ."

Akíndàmọ́lá sáré lọ bá Carole. Ó bẹ̀ ẹ́ kó wá jẹ́ àbúrò òun fún wákàtí méjì péré.

"Èmi? Ọmọ Lambaréné? Èdè wo ni mo fẹ́ fi kí wọn?"

"Ẹ kàn kúnlẹ̀, kí ẹ máa rẹ́rìn-ín."

"Monsieur Akin, aṣọ ni mo ń bá èèyàn rà, n kì í bá wọn ra ẹbí. Ẹ lọ sọ òtítọ́. Màá fi ṣòkòtò tuntun náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú."

Ọjọ́ Àìkú pé.

Ṣòkòtò náà dúdú, ó ń dán, ó sì fún mọ́ Akíndàmọ́lá lára bí èèpo ṣe ń fún mọ́ ẹ̀wà. Orí bẹ́ẹ̀dì ló dùbúlẹ̀ sí kó tó lè wọ inú rẹ̀. Nínú takisí, kò lè jókòó, ó na gbọọrọ bíi pákó, onítakisí ń wò ó nínú dígí, ó ń bèèrè bóyá ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lọ.

Ohùn Carole wọlé sórí fóònù. Ariwo rédíò onítakisí kò jẹ́ kó gbọ́ ọ. Ó ní òun á gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yọ fóònù, ó ṣí i, ìka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Ó ti fóònù náà sínú àpò àyà ṣáàtì láìpa á.

Papa Cyprien, bàbá Adéfọlákẹ́, jókòó sórí àga ńlá nínú pálọ̀, fìlà wà lórí rẹ̀. Màmá jókòó lápá ọ̀tún. Àǹtí Kàdíjátù ká ọwọ́ mọ́ àyà lápá òsì bí ọlọ́pàá. Adéfọlákẹ́ dúró lẹ́yìn àga, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò rẹ dà?" ni Àǹtí Kàdíjátù kọ́kọ́ bèèrè.

"Ara rẹ̀ ò yá, Àǹtí."

"Hùn."

Akíndàmọ́lá na ọwọ́ láti bọ Papa Cyprien lọ́wọ́. Papa Cyprien wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ẹja ló nà sí òun.

"Ọmọ Ìsẹ́yìn, mo ti pẹ́ ní Gabon lóòótọ́, ṣùgbọ́n Gabon ò tíì pẹ́ nínú mi tó bẹ́ẹ̀. Nílé yìí, àyà la fi ń kí àna."

Akíndàmọ́lá wo ilẹ̀. Ó wo ṣòkòtò. Ó tẹ̀ díẹ̀, okùn kan nínú ṣòkòtò dún "tín." Ó dúró. Ó wá fi ìka kan kan ilẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Mò ń dúró."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Akíndàmọ́lá ké pe Ọlọ́run lọ́kàn, ó sì lọ sílẹ̀.

Fààààààà!

Ẹ mọ ariwo tí aláṣọ fi ń ya yáàdì méjì lára ìgàn? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ṣòkòtò ya láti ìdí bẹ́líìtì dé ẹ̀yìn orúnkún. Bí àyà rẹ̀ ṣe gbá ilẹ̀, àyà náà tẹ fóònù, fóònù sì la ẹnu. Faransé ni Carole sọ. Kò sí ẹnì kan nílé náà tí kò gbọ́ Faransé.

"Monsieur Akin, Carole tó ń bá yín yan aṣọ nìyí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ṣòkòtò òní yìí, ìdúró ni wọ́n rán an fún. Ẹ má bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jókòó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìdọ̀bálẹ̀ tí ẹ̀yin ará yín máa ń ṣe yẹn, ẹ má dán an wò!"

Gbogbo ojú yí sí Akíndàmọ́lá nílẹ̀.

Akíndàmọ́lá ò lè dìde, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀. Kò sì lè dùbúlẹ̀, nítorí ohùn. Ó wá ń fi àyà tẹ fóònù mọ́lẹ̀ kó lè pa á. Fóònù ò kú o, ibi tó ń mú ohùn yára ló tẹ̀. Ṣe ni ohùn Carole bẹ̀rẹ̀ sí í yára, tó ń sáré bíi ti ẹyẹ ẹ̀ga.

"Ẹ-wá-sọ-fún-mademoiselle-pé-n-kì-í-ṣe-àbúrò-yín-ó-ti-sú-mi-kí-n-máa-dáhùn-ọ̀rọ̀-báàgì-bíi-pé-ẹ̀yin-ni-kọ́tìnnì-Papa-àwọ̀-wàrà-ni-ẹ-sọ-ọ́-bí-ẹni-pé-ẹ̀yin-lẹ-rò-ó-au-revoir!"

Ó wá dákẹ́.

Àǹtí Kàdíjátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Carole ló sọ.

"Yéè! Àkùkọ!"

Pátá Akíndàmọ́lá ló ń wò. Pátá yẹ́lò ni, àkùkọ pupa kéékèèké sì kún ara rẹ̀, gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀ tí wọ́n ń kọ.

Papa Cyprien fi ara balẹ̀. "Carole yìí ló yan ṣòkòtò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Akíndàmọ́lá dáhùn láti ilẹ̀.

"Ṣáàtì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bàtà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àwọn àkùkọ yìí ńkọ́?"

"Èmi... èmi ni mo yan ìyẹn fúnra mi, sà."

Papa Cyprien tẹ̀ síwájú lórí àga, ó wò ó dáadáa. "Ìyẹn ló dára jù níbẹ̀."

Màmá fi gèlè bo ẹnu. Àǹtí Kàdíjátù jókòó sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rín gba ilé kan.

Adéfọlákẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Báàgì," ló wí. "'Ó ń pariwo, kò sì ní nǹkan tó fẹ́ sọ.' Òun ló sọ ọ́?"

"Òun ni."

"'Àwọ̀ yìí á bá ara mi sọ̀rọ̀'?"

"Òun ni."

"Mais, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fi ń yangàn rẹ kiri, ti Carole ni! Carole ló yẹ kí n fẹ́." Ó kúrò lẹ́yìn àga. "Ṣòkòtò kọ́ ló dùn mí o, Akin. Mo bi ọ́ léèrè tojú tẹnu, o sọ ẹlòmíràn di ọmọ bàbá rẹ."

Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Màmá fún Akíndàmọ́lá ní ìró kan, òdòdó pupa ló wà lára rẹ̀. Ìró yìí ló ró jáde ní Charbonnages, lójú àwọn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dá takisí dúró, ó ní, "Oloumi!" Onítakisí wo òdòdó, ó wo irùngbọ̀n, ó fun fèrè ọkọ̀ pé kó wọlé. Ó kéré tán, ó rí ibi jókòó nínú èyí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Adéfọlákẹ́ kò dá a lóhùn.

Akíndàmọ́lá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó ń pè é ní Maître, lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ dárí jì mí. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa aṣọ. Carole ni. Nọ́ńbà rẹ̀ nìyí." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè fi ti Marie-Thérèse ránṣẹ́. Marie-Thérèse fèsì pé, "Ó yẹ kí n ti mọ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni."

Lẹ́yìn náà ló padà lọ bá Carole. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Mo wá kọ́ ọ."

Carole bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò fi fẹ́ kọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́?"

Ó ní, "Bí ẹ̀yin bá yàn án tí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, aṣọ ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Bí èmi bá yàn án, èmi ni."

"Wọ́n ti fi yín rẹ́rìn-ín ná. Ṣé ẹ kú?"

"N ò kú."

"Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Carole yàn, Akíndàmọ́lá wò. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jọ yàn. Akíndàmọ́lá mú fìlà kan tó jẹ́ kí orí rẹ̀ dà bíi ti olú, ó mú bàtà kan tó ń ké "wín-ín, wín-ín" bó bá ti ń rìn. Carole ò bá a jà. Ó kàn ń bèèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Ṣé ó wù yín, àbí ẹ rò pé ó máa wu ẹlòmíràn?" Akíndàmọ́lá ní ìbéèrè yìí le ju ìdánwò ìwé mẹ́wàá lọ. Nígbà mìíràn, ó máa dúró sídìí ẹyọ ṣáàtì kan títí tí aláṣọ á fi gbé àga fún un.

Lọ́jọ́ kẹta, Carole tẹ̀ lé e, kò sọ nǹkan kan. Akíndàmọ́lá rìn gba ìsọ̀ mẹ́wàá kọjá kó tó dúró. Ṣáàtì kan ló kọ́ síbẹ̀, àwọ̀ ewé gbígbẹ, ó fẹ̀, apá rẹ̀ kúrú. Wọ́n ya ìbẹ́pẹ sára rẹ̀, ìbẹ́pẹ ńláńlá tí wọ́n là sí méjì, gbogbo kóró rẹ̀ hàn.

"Ṣé ó dá yín lójú?" Carole bèèrè.

"Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń wò ó."

"Nítorí kí ni?"

"N ò mọ̀. Ìbẹ́pẹ ni."

Carole mí kanlẹ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Iṣẹ́ mi parí."

Akíndàmọ́lá wọ ṣáàtì yìí lọ bá Adéfọlákẹ́ létí òkun ní Charbonnages, níbi tó máa ń jókòó sí lẹ́yìn ilé ìwé. Ó dúró níwájú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun wọ inú ṣáàtì náà, ìbẹ́pẹ gbogbo wú.

"N ò ní ọ̀rọ̀ dídùn tí mo máa sọ," ló wí. "Àwọn tó dùn nínú wọn, Carole ló ni wọ́n. Mo purọ́ fún ẹ nítorí pé bó o ṣe wò mí lọ́jọ́ yẹn dùn mọ́ mi, mo sì bẹ̀rù pé bó o bá rí èmi gan-an, o ò ní wò mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Jọ̀ọ́, forí jì mí."

Ojú Adéfọlákẹ́ bọ́ sórí ṣáàtì.

"Kí lo wọ̀ yìí?"

"Ṣáàtì mi ni."

"Ìbẹ́pẹ, Akin? Ìbẹ́pẹ tó lanu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó burú."

"Ó wù mí."

"Akin, ó burú gan-an. Bọ́ ọ."

"Fọlákẹ́, bó o bá ní kí n máa lọ, màá lọ. Ṣùgbọ́n n ò ní bọ́ ọ. Ó wù mí."

Adéfọlákẹ́ wò ó. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó fi ọwọ́ bò ó, pàbó ló já sí. Ẹ̀rín tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ Àìkú yẹn ló bú jáde, ó rín in títí tó fi di igi àgbọn mú.

"Voilà," ló wí nígbà tó rí èémí mí. "Ẹni tí mo ti ń wá rèé. Kò kàn mọ aṣọ yàn ni."

Akíndàmọ́lá ní kí n sọ fún yín pé kò sí ìtìjú nínú kéèyàn wá ẹni tó mọ̀ jù ú lọ kó kọ́ òun ní ohun tí kò mọ̀, aṣọ ni o, fíríìjì ni o. Kí ẹ má ṣáà pe ojú tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní ojú ara yín. Nígbà tí ẹni tó ni ín bá gbà á padà, àyà nílẹ̀ ló máa bá yín.

Wọ́n ti dá ọjọ́ ìdána. Adéfọlákẹ́ ò tíì gba ti ṣáàtì náà. Bí wọ́n bá jọ ń lọ sí Louis, ó máa ń fi ẹsẹ̀ mẹ́wàá ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, Papa Cyprien pe àna rẹ̀ sẹ́yìn ilé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sì bèèrè bóyá wọ́n ṣì ní ṣáàtì oníbẹ́pẹ yẹn tó máa gba ẹni tó ní ikùn díẹ̀.